Bàbá mi kì í sùn lóru mọ́, ẹ gbà mí o

Ìyá Tòmíwá: Ẹ kú ilé o. Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo mú bàbá mi wá láti abúlé sí Ìbàdàn kí n lè tọ́jú wọn. Aago méjì òru ni wọ́n ń dìde, wọ́n á máa tọ ògiri lọ sí kíṣínì, ọ̀pá wọn á máa dún kó, kó, kó lórí táìlì. Wọ́n ti da ìkòkò ọbẹ̀ mi nù lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará ilé ń kùn sí mi. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á máa hanrun lórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ ló ní mi ò tọ́jú wọn! Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn lọ́sàn-án. Ẹ gba tíì lọ́wọ́ wọn.

Àṣàkẹ́ Peckham: Ọdún méje ni mo fi ṣiṣẹ́ òru ní London. Aṣọ dúdú ni mo fi ń bo wíńdò, síbẹ̀ oorun ọ̀sán ò ṣe bíi tòru.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Àdúrà ni o. Ìrìn òru kì í ṣe ojú lásán.

Àṣàkẹ́ Peckham: Bàbá arúgbó lẹ fẹ́ sọ di oṣó? Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!

Ìyá Tòmíwá: Mo ti gba tíì. Mo tiẹ̀ ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì, ẹ má bú mi, èmi náà fẹ́ sùn ni. Lóṣù tó kọjá, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi sùn bíi gbogbo èèyàn, ó tún wá yí padà.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ẹ gbé oògùn yẹn lọ han dókítà kíákíá, òòyì rẹ̀ lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, àbí? Ṣé bàbá ń ríran?

Ìyá Tòmíwá: Háà, mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Gùlókómà ti gba ojú méjèèjì, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, wọn ò mọ̀. Mo rò pé ìyẹn ò kan oorun.

Bàbá Ìbejì: Òun ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ!

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, sẹ́ẹ̀lì bí 20,000 ló ń pa aago ara. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀, àmọ́ wọ́n ń ránṣẹ́ síra wọn kí ohùn wọn lè ṣọ̀kan, kí ẹ̀dọ̀ àti ìfun lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ó ṣú. Aago ọ̀pọ̀ èèyàn fi díẹ̀ ju wákàtí 24 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú wọlé ló ń tún un tò lójoojúmọ́. Ti bàbá ò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́, ló bá ń dá rìn. Tó bá ń fi ìdajì wákàtí pẹ́ sí i lójúmọ́, á tó ọ̀sẹ̀ méje kó tó tún bá ti ilé yín dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sùn yẹn, ó jọ pé ìgbà tí aago ara wọn àti ti ilé pàdé ni.

Ẹ máa kọ aago tí wọ́n sùn àti èyí tí wọ́n jí sílẹ̀. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ melatonin, tó ń bá aago ara tún oorun tò, aago kan náà ni wọ́n ń lò ó lálaalẹ́, ṣùgbọ́n dókítà ni kó sọ ìwọ̀n rẹ̀. Kí oúnjẹ àárọ̀ náà má yẹ̀ lákòókò.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ ṣì máa gbàdúrà o.

Ìyá Tòmíwá: Lóròòru ni wọ́n ń bi mí pé, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?" Èmi á sì pariwo mọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì, dókítà wo ni kí n gbé wọn lọ bá, ti ojú àbí ti ọpọlọ?

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ti ojú tó mọ̀ wọ́n, kó kọ ìwé sí ti ọpọlọ. Ẹ mú àkọsílẹ̀ yẹn dání.