Ta ló yẹ kó wà níwájú nínú ìjà Wizardry?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Tanke, n'Ílọrin, ni mo wà. Wizardry àkọ́kọ́, géèmù ti 1981 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, tí a ti ń kó ènìyàn wọ inú ihò lọ bá ọ̀tá jà, ni mò ń gbá láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bírò ni mo fi ń ya ọ̀nà ihò náà sínú ìwé.

Ènìyàn mẹ́fà ni mo kó wọlé: jagunjagun méjì àti olè kan níwájú, àlùfáà kan àti oṣó méjì lẹ́yìn. Ẹ mọ̀ pé idà àwọn mẹ́ta iwájú nìkan ló ń dé ara ọ̀tá. Lálẹ́ àná, a ṣílẹ̀kùn kan, ọ̀wọ́ ọ̀tá méjì dìde sí wa. Mo ní kí oṣó ju Halito, ọfọ̀ iná, iná yẹn pa ẹyọ kan. Àwọn tó kù ya bo olè mi, wọ́n pa á. Mo gbé òkú rẹ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì tí wọ́n ti ń jí òkú, mo san gbogbo owó ọwọ́ wa, wọn ò rí i jí, ó di eérú. Ó dùn mí gan-an, orúkọ bàbá àgbà mi ni mo fún un.

Ṣé Katino tó ń mú ọ̀tá sùn ló yẹ ká kọ́kọ́ pè? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni oṣó tuntun lè pe ọfọ̀ kó tó padà lọ sùn. Àbí kí n gbé àlùfáà síwájú? Òun lè wọ ẹ̀wù irin, ẹ̀wù awọ ni ti olè, 8 sì ni nọ́ńbà ààbò olè tèmi wà, bẹ́ẹ̀ bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá a jìnnà, ìgbà wo lẹ máa ń sá?