Iná fún ilé ìgbẹ̀bí: báwo ni a ṣe lè wọn àfojúsùn tó ń tako ara wọn?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ìlú wa ní Òkè-Ògùn yàn láti pèsè iná fún ilé ìgbẹ̀bí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́. Àṣàyàn mẹ́ta ló wà níwájú wa. Èkíní ni ẹ̀rọ amúnáwá tó ń lo epo díísù: mílíọ̀nù 6 náírà ni a ó fi rà á tí a ó sì fi gbé e kalẹ̀, epo àti àtúnṣe rẹ̀ yóò sì máa gba 600,000 náírà lóṣù. Èkejì ni kí a fa iná ìjọba wọlé, kí a sì ra tíráńsífọ́mà tiwa. Mílíọ̀nù 8 ni ìyẹn, owó iná rẹ̀ yóò sì máa tó 150,000 lóṣù. Ẹ̀kẹta ni iná sólà pẹ̀lú bátìrì lithium: mílíọ̀nù 14 ni, ṣùgbọ́n 30,000 péré ni a ó máa yà sọ́tọ̀ lóṣù fún ìtọ́jú rẹ̀. Ní ti bí iná náà ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó, ìgbìmọ̀ fún díísù ní máàkì 7 nínú 10, iná ìjọba gba 5, sólà gba 8.

Bí a ó ṣe pa owó ìbẹ̀rẹ̀, owó oṣooṣù àti ìdánilójú iná pọ̀ ni a kò fẹnu kò lé lórí. Akápò wa ní owó ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, pé kí a fún un ní ìwúwo 50 nínú 100, kí ìdánilójú iná gba 30, kí owó oṣooṣù gba 20. Àwọn agbẹ̀bí ní tiwọn fẹ́ kí ìdánilójú gba 40, kí owó méjèèjì gba 30, 30. A sọ ohun gbogbo di máàkì láti 0 dé 10, tí èyí tó burú jù gba 0, tí èyí tó dára jù gba 10, a sì fi ìwúwo kálukú ṣe ìsọdipúpọ̀, a ro èsì rẹ̀ pọ̀, a wá fi 100 pín in. Ti akápò gbé díísù síwájú pẹ̀lú 7.0, iná ìjọba gba 5.3, sólà sì gbẹ́yìn pẹ̀lú 5.0. Ti àwọn agbẹ̀bí gbé sólà síwájú pẹ̀lú 7.0, díísù gba 5.7, iná ìjọba gba 4.6. Kálukú wá ń sọ pé ìṣirò ló ti òun lẹ́yìn. Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà tó jinlẹ̀ ju èyí lọ fún ìpinnu tó ní òṣùwọ̀n púpọ̀. Èwo ni kí a lò, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù ni yóò borí?

Olùkọ́ Ìṣirò

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń kọ́kọ́ lò ni Analytic Hierarchy Process, tí wọ́n ń gé kúrú sí AHP. Thomas Saaty, ẹni tí a bí ní ìlú Mosul ní orílẹ̀-èdè Iraq, tó sì ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Dípò kí ẹ máa já nọ́ńbà bíi 50 tàbí 30 lójú òfuurufú, ẹ ó máa fi nǹkan méjì péré wé ara wọn nígbà kọ̀ọ̀kan: ṣé ìdánilójú iná ju owó oṣooṣù lọ, báwo ló sì ṣe jù ú lọ tó? Ìdáhùn yóò wà láàárín 1, tó túmọ̀ sí pé wọ́n dọ́gba, àti 9, tó túmọ̀ sí pé ọ̀kan ju èkejì lọ jìnnà réré.

Ká sọ pé ìgbìmọ̀ gbà pé ìdánilójú fi ìlọ́po 3 ju owó oṣooṣù lọ, pé owó oṣooṣù fi ìlọ́po 2 ju owó ìbẹ̀rẹ̀ lọ, àti pé ìdánilójú fi ìlọ́po 5 ju owó ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ìwúwo tí yóò jáde láti inú ìyẹn ni nǹkan bíi 65 fún ìdánilójú, 23 fún owó oṣooṣù àti 12 fún owó ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí i pé 3 lọ́nà 2 jẹ́ 6, nígbà tí ẹnu ìgbìmọ̀ sọ 5. Ìyàtọ̀ náà kéré, ọ̀nà yìí sì ní ìdíwọ̀n tó ń sọ bó ṣe kéré tó. Níhìn-ín, ó jẹ́ 0.003, bẹ́ẹ̀ 0.10 ni Saaty fi ṣe ààlà. Tí ẹnìkan bá sọ 3 àti 2 yẹn tán, tó wá ní ìdánilójú àti owó ìbẹ̀rẹ̀ dọ́gba, ìdíwọ̀n náà yóò fò sókè dé 0.32, alága yóò sì lè sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ara mu, kí ó tún un rò. Èmi gbà pé àǹfààní tó ga jù nínú AHP nìyẹn. Kí kálukú ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ kí ẹ tó kó o pọ̀, kí ọ̀dọ̀ má baà máa tẹ̀ lé ẹnu àgbà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, kí a tó wọn ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a kò gbọdọ̀ wọn. Ìwọ̀n òtútù tí ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà kò gbọdọ̀ kéré ju 2 lọ, kò sì gbọdọ̀ ju 8 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná bá kú títí tí fíríìjì fi gbóná, abẹ́rẹ́ yẹn bàjẹ́, kò sì sí owó tí a fi pamọ́ nínú epo tí yóò dá agbára rẹ̀ padà. Ìbímọ kì í sì í dúró de iná. Ìṣòro ìsọdipúpọ̀ tí ẹ ṣe yẹn ni pé ó gbà kí òṣùwọ̀n kan san gbèsè òmíràn: iná ìjọba gba 0 nínú ìdánilójú, síbẹ̀ ìṣirò akápò gbé e ṣáájú sólà nítorí pé owó rẹ̀ kéré.

Bernard Roy, ará Faransé, rí àléébù yìí láti ọdún bíi 1960 sí 1970, ó sì dá ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ELECTRE sílẹ̀. Lára ohun tó wà nínú ìdílé ọ̀nà náà ni àṣẹ ìkọ̀: bí àṣàyàn kan bá burú kọjá ààlà kan nínú òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, a kò ní gbà pé ó ju àṣàyàn kejì lọ, bó ti wù kí ó dára tó níbi yòókù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè wákàtí mélòó ni fíríìjì yín lè fi mú òtútù dúró láìsí iná. Àwọn oníbàárà Band A pàápàá, tí owó iná wọn gbówó lórí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún wọn, a kò sì tíì sọ ti àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ wọn. Bí iná ìjọba nìkan kò bá lè kọjá ààlà yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí tábìlì, kí ẹ má wulẹ̀ fún un ní máàkì.

Aṣèṣirò Ìnáwó

Mo fara mọ́ ohun tí Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ pátápátá. Mo sì bọ̀wọ̀ fún AHP, ṣùgbọ́n kò tíì kan ibi tí ìjà yín ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí akápò ní owó ìbẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì ju owó oṣooṣù lọ, iye owó wo ló ń fi wé iye owó wo? Ìwúwo kò ní ìtumọ̀ kankan àfi tí a bá mọ ibi tí òṣùwọ̀n náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Lórí tábìlì yín, 50 dúró fún àlàfo tó wà láàárín mílíọ̀nù 6 àti mílíọ̀nù 14, èyí tí í ṣe mílíọ̀nù 8. 20 sì dúró fún àlàfo tó wà láàárín 600,000 àti 30,000 lóṣù, èyí tí í ṣe 570,000. Ẹ pín méjèèjì: ìwúwo ẹyọ kan jẹ́ 160,000 náírà ní owó ìbẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ 28,500 ní owó oṣooṣù. Ohun tí nọ́ńbà akápò ń sọ ni pé owó tí a bá ná lónìí, tí kò bá lè padà sápò láàárín oṣù márùn-ún ààbọ̀ ó lé díẹ̀, kò yẹ ní níná. Mílíọ̀nù 8 tí sólà fi ju díísù lọ yóò padà wọlé láàárín nǹkan bí oṣù 14. Ẹ bi akápò ní ìbéèrè yìí gan-an: ṣé oṣù 14 pẹ́ jù fún ilé ìgbẹ̀bí tí ẹ fẹ́ kí ó wà fún àwọn ọmọ yín? Ó ṣeé ṣe kí ó ní ìdí tó yè kooro, ṣùgbọ́n yóò sọ ọ́ jáde ní èdè owó àti oṣù tí gbogbo ilé lè gbé yẹ̀ wò.

Ẹ wo ohun tó tún le ju ìyẹn lọ. Ká ní oníṣòwò kan láti Ìbàdàn mú sólà mìíràn wá ní mílíọ̀nù 30, tí òun náà ń gba 30,000 lóṣù, tó sì gba máàkì 8 nínú ìdánilójú. Ẹnikẹ́ni kò ní rà á, nítorí pé èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù 14 bá a dọ́gba níbi gbogbo, ó sì fi ìdajì owó àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí i. Irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń tẹ̀ lé èrò Vilfredo Pareto, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Ítálì, máa ń kọ́kọ́ gbá dànù. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ sì lo ìwúwo akápò bó ṣe wà. Owó tó burú jù ti kúrò ní mílíọ̀nù 14, ó ti di mílíọ̀nù 30. Díísù ṣì gba 7.0, iná ìjọba gòkè dé 6.2, sólà àkọ́kọ́ fò láti 5.0 dé 8.3. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá di èyí tó borí, láìsí pé ohunkóhun yí padà nínú rẹ̀ tàbí nínú ọkàn akápò. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìpinnu ìlú lè mú ìwé iye owó ayédèrú kan ṣoṣo wá. AHP gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ irú èyí. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Belton àti Gear, fi hàn ní ọdún 1983 pé àṣàyàn tuntun lè dojú ètò tó ti wà rú níbẹ̀.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ẹ fi ìpẹ̀kun òṣùwọ̀n lélẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé iye owó kankan, kí ó má sì yí padà mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan pé: ká sọ pé ohun gbogbo wà ní ibi tó burú jù, tí a sì gbà ọ́ láàyè láti gbé ẹyọ kan péré dé ibi tó dára jù, èwo ni o máa kọ́kọ́ gbé? Ìyẹn ló gba 100. Kí ó wá sọ iye tí gbígbé èkejì jẹ́ sí ìyẹn. Àwọn tó tẹ̀ lé Ralph Keeney àti Howard Raiffa, àwọn onímọ̀ nípa ìpinnu tí iṣẹ́ wọn lórí àfojúsùn tó ń tako ara wọn jáde ní 1976, ti ń ṣe é báyìí tipẹ́. Ìbéèrè náà pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé ènìyàn, ẹ ní sùúrù fún àwọn àgbà inú ìgbìmọ̀ nígbà tí ẹ bá ń bi wọ́n.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè oṣù 14 yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé fún akápò, ìdáhùn rẹ̀ sì yé mi ju ìwúwo 50 tó sọ tẹ́lẹ̀ lọ: mílíọ̀nù 9 náírà ni ó wà nínú àpò ìgbìmọ̀, kò sì fẹ́ kí ìlú yáwó. Ṣé kí a ṣì fi èyí ṣe ìwúwo?

Aṣèṣirò Ìnáwó

Rárá o. Ààlà nìyẹn, ibẹ̀ sì ni akápò àti Nọ́ọ̀sì Àgbà ti pàdé: ọ̀kan ní a kò gbọdọ̀ kọjá mílíọ̀nù 9, èkejì ní fíríìjì kò gbọdọ̀ gbóná. Bí ẹ bá fi ààlà méjèèjì yọ àwọn àṣàyàn kúrò, díísù nìkan ló kù, agbẹ̀bí kan kò sì ní fẹ́ èéfín àti ariwo rẹ̀ lẹ́bàá yàrá ìrọbí, èyí tí kò tilẹ̀ sí lórí tábìlì yín. Nítorí náà, ẹ lọ wá àṣàyàn kẹrin. Ẹ ní kí oníṣẹ́ sólà ṣe ìṣirò iná fún fíríìjì àjẹsára, yàrá ìrọbí àti gílóòbù ọ̀nà nìkan, kí ó sọ iye tí ìyẹn jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan fún ọjọ́ tí òjò bá ṣú léra. Kí ó fi àyè sílẹ̀ nínú ìnfátà fún páànẹ́lì àti bátìrì tí ẹ ó fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ sì bi í bóyá 30,000 tó kọ sílẹ̀ fún oṣù kan ní owó pípààrọ̀ bátìrì nínú, nítorí bí kò bá sí níbẹ̀, owó ìtọ́jú sólà lórí tábìlì yín kéré ju bó ṣe yẹ lọ, oṣù 14 tí mo sọ yẹn yóò sì gùn sí i.