Kírẹ́díìtì káàdì l'Amẹ́ríkà: minimum kì í tán gbèsè

Àbúrò Under-G (Houston): Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Bánkì fún mi ní kírẹ́díìtì káàdì, èyí tí a fi ń ná owó bánkì láwìn, 1,000 dọ́là ni mo lè ná dé. Bí mo bá ná an tán, wọ́n ní 30 dọ́là ni minimum, ìyẹn iye tó kéré jù tí mo gbọ́dọ̀ san lóṣù kan. Ṣé tí mo bá ti ń san ìyẹn, kò sí wàhálà? Màmá mi ní Takié, Ògbómọ̀ṣọ́, sì ń wá 400 dọ́là kún owó ọjà. Ṣé kí n fà á lára káàdì náà?

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Àbúrò, wàhálà wà o. Ká ní èlé rẹ̀ jẹ́ 24% lọ́dún. 2% lóṣù nìyẹn, 20 dọ́là lórí 1,000. Nínú 30 tí o san, èlé gbé 20 lọ, 10 péré ló kan gbèsè. Bí gbèsè ṣe ń dín díẹ̀díẹ̀ ni minimum náà ń dín, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tán bọ̀rọ̀. Kódà bí o bá di 30 yẹn mú tí o ò sì ná kọ́bọ̀ sí i, oṣù 56 ni. Bí o bá ń san 100, oṣù 12. Ṣọ̀gúndogójì tó wọ kóòtù àti táì ni, lójú tèmi.

Ọjọ́ méjì ni kí o mọ̀: ọjọ́ tí wọ́n ń pa ìṣirò oṣù dé, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé. Òfin káàdì Amẹ́ríkà, CARD Act ti 2009, ní kí wọ́n fi státímẹ́ǹtì ránṣẹ́ ó kéré tán ní ọjọ́ 21 ṣáájú ọjọ́ ìsanwó. Ohun tí o máa san ni wọ́n kọ sí "statement balance", ìyẹn gbogbo gbèsè tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa ìṣirò dé. San án pé, ọjà tí o rà kò ní èlé kankan. Ṣẹ́ 50 dọ́là kù níbẹ̀, wọ́n lè máa ka èlé lórí ọjà tuntun láti ọjọ́ tí o rà á.

Ìyá Ìbejì, Maryland: Ti Màmá ńkọ́? Jọ̀ọ́, má fa owó lára ẹ̀! Bí o bá gbé e lọ sí ATM, wọ́n sábà máa ń gba 5%, ìyẹn 20 dọ́là lórí 400, kí o tó kúrò níbẹ̀. Èlé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì máa ń ga ju ti ọjà lọ. Àwọn app tí a fi ń ránṣẹ́ owó sílé náà ńkọ́, ọ̀pọ̀ bánkì ló ń kà á sí owó fífà. Débíìtì ni kí o lò, tàbí kí o gbé àjọ.

Àbúrò Under-G: Ẹ ṣé, mà. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n máa yọ owó káàdì náà fúnra wọn nínú àkáǹtì mi?

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: minimum ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ níbẹ̀ láìmọ̀. "Statement balance" ni kí o yàn, kí ó bọ́ sí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí owó iṣẹ́ bá wọlé. Bí àkáǹtì bá gbẹ lọ́jọ́ náà, owó ìtanràn lè ti ọwọ́ bánkì méjèèjì wá, ti àkáǹtì àti ti káàdì.

Bàbá Chicago: Ní ti credit score, máàkì tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe ń san gbèsè: má jẹ́ kí gbèsè orí káàdì ju 300 lọ nínú 1,000 yẹn, bí kò bá tó 100, ó tún dáa jù. Iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa ìṣirò dé ni bánkì sábà ń ròyìn fún àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, nítorí náà san díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Bí o bá fi ọjọ́ 30 pẹ́, wọ́n lè kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ náà, ọdún 7 ló sì máa wà níbẹ̀. Káàdì tí wọ́n ń fi ẹ̀dínwó tàn wá gbà nídìí káńtà ṣọ́ọ̀bù, fi í sílẹ̀ fún wọn.

Àbúrò Under-G: Ẹ̀gbọ́n kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní kí n fi orúkọ òun sórí káàdì tèmi.

Ìyá Ìbejì: Gbogbo ohun tí wọ́n bá ná, ọrùn tìẹ ló wà. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti kọ̀, fi orúkọ wọn sí i, ṣùgbọ́n má fún wọn ní káàdì lọ́wọ́. Ìtàn ìsanwó rẹ lè hàn lórúkọ wọn bẹ́ẹ̀ náà.

Bàbá Chicago: Bí o bá wá sílé Kérésì, tí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá gba káàdì náà, tí POS bi ọ́ bóyá dọ́là tàbí náírà, tẹ náírà. Ọ̀pọ̀ káàdì á ṣì gba nǹkan bíi 3% lórí rẹ̀.