Ọmọ ní ọwọ́ òun dọ̀tí: kí la máa sọ fún un?

(Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ọ̀kun, àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì)

Ìyá Ìbejì (Houston): Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Obìnrin inú àwọn ìbejì mi ti ilé-ìwé dé lánàá, ó ní ọmọkùnrin kan kọ̀ láti di òun lọ́wọ́ mú nígbà tí wọ́n ń tò, pé ọwọ́ òun dọ̀tí. Ló bá wọ ilé ìwẹ̀, ó ń fi kànìnkànìn ha ọwọ́. Ọmọ ọdún 6! Bàbá wọn ní kí n fi sílẹ̀, pé á gbàgbé.

Àǹtí Tíṣà (Maryland): Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kò ní í gbàgbé. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni mò ń kọ́ níhìn-ín. Ọmọ tí a kò bá ṣàlàyé fún á ṣàlàyé fún ara rẹ̀, pé òun ló ní àbùkù. Ẹ sọ ọ́ ṣàkó: "Ọwọ́ rẹ mọ́. Àwọ̀ rẹ nìyẹn, ara èmi àti bàbá rẹ lo ti mú un. Ohun tọ́mọ yẹn ṣe kò dára."

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ìtàn Ruby Bridges, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, fún un, torí ọmọ ọdún 6 lòun náà nígbà yẹn. Ní November 14, 1960, ó wọ ilé-ìwé William Frantz ní New Orleans, níbi tí kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tẹ́lẹ̀. Àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ ló sìn ín lọ, torí àwọn àgbàlagbà tó dúró síta ń kígbe èébú mọ́ ọn. Àwọn òbí òyìnbó kó ọmọ wọn kúrò. Barbara Henry, òyìnbó kan tó wá láti Boston, ló gbà láti kọ́ ọ, àwọn méjèèjì nìkan ló sì jọ wà nínú kíláàsì ní ọdún yẹn. Ẹ má fo Barbara Henry o! Ká má lọ kọ́ ọmọ láti kórìíra gbogbo òyìnbó. Ti bí wọ́n ṣe ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń fi okùn so wọ́n rọ̀, ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó sọ ọ́.

Dáddy Ẹ̀gbẹ̀ (Toronto): Ẹ jẹ́ kọ́mọ ṣeré jàre. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì wà láàrin wa ní Ẹ̀gbẹ̀, ta ló bá wa sọ̀rọ̀ àwọ̀?

Àǹtí Tíṣà (Maryland): Dáddy, ilé bàbá yín lẹ wà nígbà yẹn, àwọn ni àlejò. Houston ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe é bí àlejò.

Bàbá Ìsánlú (Bristol, England): Ti bọ́ọ̀sì ìlú wa níhìn-ín ni mo máa ń sọ fún tèmi. Nígbà kan, iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì kò gba adúláwọ̀ tàbí ará Éṣíà sí iṣẹ́ awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́. Ní 1963, adúláwọ̀ kan, Paul Stephenson, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ará ìlú má wọ bọ́ọ̀sì wọn mọ́. August 28 niléeṣẹ́ náà juwọ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni Martin Luther King ń sọ̀rọ̀ ní Washington. A máa ń wà lórí bọ́ọ̀sì tí màá fi bi wọ́n pé, "Tí wọ́n bá ní bàbá rẹ ò lè wa èyí ńkọ́?" Ìbéèrè wọn kì í tán!

Ìyá Ìbejì, ẹ má lọ pariwo lẹ́nu géètì. Ẹ kọ ọ́ sí ímeèlì: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ohun tọ́mọ sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe. Òfin Amẹ́ríkà ti 1964 kò gba ilé-ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ láyè láti fi àwọ̀ rẹ́ ọmọ jẹ.

Màmá Kábà: Ọ̀kun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń pe ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù, tẹ́ ẹ ń bú àwọn Ebira aládùúgbò wa, ọmọ ńkọ́, kò létí ni? Ẹlẹ́ṣin Núpé kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Bida, títí di 1897. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Mo sì sọ fún wọn pé ọmọ Núpé tó bá wà ní kíláàsì wọn kò kó ẹnikẹ́ni. Nínú ilé náà, ẹ má ṣe ojúsàájú: ẹran inú ọbẹ̀, ẹ pín in dọ́gba fọ́kùnrin fóbìnrin.

Ìyá Ìbejì (Houston): Ẹ ṣé, mà. Mo ti fi ímeèlì ránṣẹ́, tíṣà á pè mí lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ ń béèrè bóyá Ruby ṣì wà láyé.

Àǹtí Tíṣà (Maryland): Ó wà láyé. 1954 ni wọ́n bí i. Dáddy Ẹ̀gbẹ̀ lè jù ú lọ o.