Ta ló lè túmọ̀ ìwé ẹ̀rọ láti èdè Lárúbáwá sí èdè Ítálì?

Aṣọ́ẹ̀rọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé àtúnṣe pọ́ǹpù àti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kan wà lọ́wọ́ wa, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn ẹnjiníà ará Ítálì ló máa lò ó. Ibo ni mo ti lè rí olùtumọ̀ tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ? Èmi ò gbọ́ èdè méjèèjì, báwo ni n ó ṣe dá ojúlówó mọ̀?

Túndé_K:
Ẹ wo ProZ.com, ìkànnì àwọn olùtumọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fi èdè àti ẹ̀ka iṣẹ́ ṣa wọ́n níbẹ̀. AITI náà wà, ẹgbẹ́ àwọn olùtumọ̀ Ítálì láti ọdún 1950.

Ìyá Atúnkà:
Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, ọmọ mi. Ẹni tó gbọ́ Ítálì láti kékeré, tó sì ti túmọ̀ ìwé ẹ̀rọ rí, ni kí o wá. Arábìnrin tó ń túmọ̀ ìwé ìgbéyàwó dáadáa lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bíárìn nínú ẹ̀rọ.

Kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìwé náà ti wá. Ti Àlgéríà àti Tùnísíà sábà máa ń ní Faransé nínú, nítorí náà olùtumọ̀ rẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ Faransé díẹ̀.

Nọ́ńbà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní Íjíbítì àti Sáúdì, márùn-ún wọn (٥) jọ òdo wa, òdo wọn (٠) sì jẹ́ tóótó lásán. ٥٠ bar ni 50 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára ìfúnpá)! Ẹni tó bá ṣì í kà lórí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń fi ẹ̀mí ènìyàn ṣeré. Nítorí náà, fún un ní ojú ewé kan tó ní tábìlì àti àwòrán, kí o sì sanwó rẹ̀. Kí ẹnjiníà yín kan ka èsì rẹ̀, kí ó fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wé ti àkọ́kọ́.

Béèrè ẹni tó máa tún un kà pẹ̀lú. ISO 17100, ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ ìtumọ̀, sọ ọ́ kedere pé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ ìtumọ̀ wò. Má gba àwíjàre kankan lórí èyí.

Aṣọ́ẹ̀rọ:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Mà. Ṣé a nílò òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́?

Ìyá Atúnkà:
Rárá, bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nìkan ló máa lò ó. Ìtumọ̀ tí wọ́n búra lé lórí ní ilé ẹjọ́ Ítálì wà fún ìwé tí ilé iṣẹ́ ìjọba bá béèrè fún, bí ìwé àdéhùn tàbí ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ta ẹ̀rọ náà ní Ítálì, òfin EU (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù) ní kí ìwé ìlò rẹ̀ wà ní èdè Ítálì. Bí ti títà bá wà níbẹ̀, sọ fún olùtumọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.