Owó kírípítò tí mo fi ìwé kíkọ rí n'Íbàdàn: ẹ wá sọ tiyín

Ará Agbówó

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin akọ̀wé bíi tèmi. Àbúrò kan bi mí láìpẹ́ yìí pé eélòó ni mò ń pa lóṣù nídìí Hive, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi kírípítò sanwó fún ẹni tó bá kọ̀wé síbẹ̀, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pamọ́ fún un. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá fi dá a lóhùn ni: ṣé dọ́là ni, àbí náírà, àbí iye lítà bẹntiróòlù tí owó náà lè rà sínú jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ń kọ̀wé? Lítà bẹntiróòlù lèmi fi ń ka owó mi báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Ọdún 2017 ni, lórí Steemit, ìkànnì tí Hive ti inú rẹ̀ jáde, nígbà tí mo ṣì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà yẹn, bí ẹ bá wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Agbówó, ẹ ò ní ṣàì bá ẹnìkan tó ń ka iye ìbò tó wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: èèyàn á gbé ohun tó kọ síbẹ̀, àwọn tó kà á á dìbò fún un, ìbò ẹni tó bá ní Steem Power púpọ̀ (STEEM, owó kírípítò ibẹ̀, tí èèyàn tì mọ́lẹ̀) ló sì ń wúwo. Tó bá di ọjọ́ 7, owó á jáde. Apá kan á jáde ní SBD, owó kírípítò ibẹ̀ kejì, tó yẹ kó máa bá dọ́là 1 rìn. Apá kejì á di Steem Power, tí èèyàn ò lè kó jáde lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n fi ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà náà.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ń pawó. Mo jókòó kọ nǹkan gígùn kan lórí Òkè Mápó, mo wádìí rẹ̀ débi tó dé, kò sẹ́ni tó yà sí i. Mo wá kọ ìpínrọ̀ díẹ̀ lórí bí ìyá alámàlà kan ní Bódìjà ṣe ń ro èlùbọ́ tí kò fi ní kókó, òyìnbó kan tó ní Steem Power rẹpẹtẹ dìbò fún un, ó tán. Ìbò ẹnìkan ṣoṣo! Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó kà á ló ń sanwó níbẹ̀, kì í ṣe òógùn ẹni tó kọ ọ́.

Nígbà tó di ìparí ọdún yẹn, SBD tó yẹ kó jẹ́ dọ́là 1 fò sókè, ó kọjá dọ́là 10. Àpilẹ̀kọ tí à ń rò pé owó búrẹ́dì ni, ó di owó yàrá. Mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tokunbọ̀ ní Queen Cinema, mo san owó tó kù lára owó ilé, mo sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi. Màmá ò tíì dúpẹ́ tí wọ́n fi ní kí n kọ́kọ́ fi irin búra pé kì í ṣe yahoo. Ní oṣù kìn-ínní 2018, STEEM fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí dọ́là 8. Kí ọdún yẹn tó parí, kò tó dọ́là 1 mọ́, Agbówó sì pa lọ́lọ́. Àwọn tó ń pe ara wọn ní blogger padà sídìí lẹ́sìnnì.

Ní oṣù kejì 2020, Justin Sun tó dá Tron, ètò kírípítò mìíràn, sílẹ̀ ra ilé-iṣẹ́ Steemit. Inú bí àwọn tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n dá Hive sílẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta. Yàtọ̀ sí àwọn àkáǹtì kan tí wọ́n yọ sílẹ̀, ẹni tó bá ní STEEM 100 bá HIVE 100 níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi náà bá tèmi, mi ò sì tíì kúrò.

Ó kù síbi ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan tó nǹkan bí náírà 750 lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á lórí P2P, níbi tí èèyàn ti ń ta kírípítò fún ara wọn, lítà epo sì jẹ́ nǹkan bí náírà 190 ní iye ìjọba (bí ẹ bá rí i rà o, ẹ rántí ìlà epo oṣù kejì ọdún yẹn, tí náírà gan-an ò sí nígboro). Dọ́là 10 ń lọ sí lítà 40 nígbà náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, CBN tú okùn lọ́rùn náírà. Nígbà tí 2024 fi máa parí, dọ́là 10 yẹn ti lé ní náírà 16,000, lítà epo náà sì ti lé ní 1,000. Lítà 16 kò pé dáadáa mọ́.

Ṣé ẹ rí i? Iye dọ́là tí mò ń rí nídìí Hive ń dín kù, àlẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé sí báńkì mi ń tóbi sí i. Èèyàn á ti máa yọ̀, títí yóò fi gbé ike dé ilé epo ní Sángo. Iṣẹ́ tí mò ń kọ fún àwọn oníbàárà lókè òkun ló ń bọ́ mi gan-an, USDT, kírípítò tó ń bá dọ́là rìn, ni wọ́n sì fi ń san án, torí ọ̀pọ̀ ọdún ni PayPal fi jẹ́ ká máa sanwó jáde láti Nàìjíríà láìjẹ́ ká gba owó wọlé. Ti Hive, owó dátà àti owó epo ni. HBD (SBD ti Hive nìyẹn) tó bá jáde, ọjọ́ náà ni mo ń sọ ọ́ di náírà. Hive Power nìkan ni mo ń fi sílẹ̀, kí ìbò tèmi náà lè wúwo díẹ̀.

Ará Ọjọ́ọ̀

Èmi ò ta nǹkan kan ní tèmi. HIVE kọjá dọ́là 3 ní oṣù kọkànlá 2021, mo wò ó níran. Mo tún ń wò ó. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi ń jẹun.

Ará Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ ẹ fo ibi tó le jù: bí owó yẹn ṣe ń dé báńkì.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 2021, CBN kọ̀wé sí gbogbo báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣòwò kírípítò pa. Mo ní USDT oníbàárà kan nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó ilé sì ti tó san. Bí gbogbo wa ṣe kó lọ sí P2P nìyẹn: ẹni tó fẹ́ rà á á fi náírà ránṣẹ́ láti àkáǹtì tiẹ̀ sí tèmi, pèpéle, ìyẹn ìkànnì tí a ti ń ṣòwò náà, á di USDT mi mú títí n ó fi sọ pé owó ti dé ọwọ́ mi.

Ó ń lọ geere, àfi ọjọ́ tí mo lọ sídìí POS tí wọ́n ní káàdì mi ò ṣiṣẹ́. Báńkì ti dí àkáǹtì náà pa. Àṣé owó tí wọ́n fi jìbìtì gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lẹni tó rajà lọ́wọ́ mi fi sanwó. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ti lọ sọ fún ọlọ́pàá ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n wá ń tọ ipasẹ̀ owó náà láti àkáǹtì dé àkáǹtì, ó fi kàn mí. Owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀, ó kàn lọ yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìwó Road.

Ìwé ló yọ mí. Mo tẹ àkọsílẹ̀ ọjà náà jáde láti orí pèpéle, mo tẹ ọ̀rọ̀ tí èmi àti ẹni náà jọ sọ, mo tẹ iṣẹ́ tí mo kọ tí oníbàárà fi san USDT yẹn pàápàá, lọ́yà kan ní Ring Road bá mi so gbogbo rẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n sáà ṣí i. Ẹni tí kì í bá kó ìwé pamọ́, tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ kúrò lórí fóònù kí àyè lè wà, mi ò mọ ohun tí yóò gbé síwájú wọn.

Ní báyìí, àkáǹtì tí mo fi ń gba owó P2P yàtọ̀ sí èyí tí mò ń jẹun nínú rẹ̀. Bí orúkọ tó sanwó bá yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lórí pèpéle, mo ń dá owó rẹ̀ padà, ì báà jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló ní òun fi ránṣẹ́. Mi ò sì ń tú USDT sílẹ̀ tìtorí àlẹ́ẹ̀tì. Áàpù báńkì ni mo ń wọ̀ lọ wò, nítorí àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀ nígboro.

Ní oṣù kejìlá 2023, CBN tún ní kí báńkì máa ṣí àkáǹtì fún àwọn ilé-iṣẹ́ kírípítò tó bá gbàṣẹ. Kò pẹ́, ní oṣù kẹta 2024, Binance, pèpéle kírípítò ńlá kan, yọ náírà kúrò nínú ohun tí wọ́n ń tà. Bí wọ́n bá ṣe lù ú là ń jó o.

Ìyá Àpáta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Aránṣọ ni mí, ẹ má jẹ́ kí n máa purọ́ pé akọ̀wé ni mí. Ọmọ mi obìnrin ló fi mí mọ Hive. Ọbẹ̀ ni mo máa ń kọ nípa rẹ̀: gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹ̀fọ́ rírò. Mo ń ya fọ́tò bí mo ṣe ń sè é, ọmọ mi ń bá mi tún èdè òyìnbó rẹ̀ ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ ìránṣọ bá pọ̀, tí mi ò lè kọ nǹkan, mo máa ń ka tàwọn ẹlòmíràn, mo ń dìbò fún wọn. Ìdajì owó tó bá jáde lórí àpilẹ̀kọ, àwọn tó dìbò ló ń pín in. Kò pọ̀, ó ju kéèyàn máa wo fóònù lásán lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti HBD. Tí èèyàn bá tì í sínú àpò ìfowópamọ́ wọn, èlé wà lórí rẹ̀. Ó jẹ́ ìdá 20 nínú 100 lọ́dún nígbà kan, wọ́n wá dín in kù sí 15. Bí mo bá fẹ́ yọ ọ́, ọjọ́ 3 ni mo ní láti fi dúró. Ọmọ mi ń bínú sí ọjọ́ 3 yẹn, ọjọ́ 3 yẹn gan-an lèmi fẹ́ràn. Ẹbí ọkọ mi kan wà, bí owó bá ti wọlé sọ́wọ́ mi, mi ò mọ ẹni tó ń sọ fún un. Á ní, "Ìyàwó, ẹ gbà mí." Mo máa ń sọ fún un pé owó wà, ó di ọjọ́ kẹta. Kì í dúró dè é.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo ṣì ń dá àjọ. Òótọ́ ni pé alájọ ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, tí HBD sì ń fi owó lé owó mi. Àmọ́ alájọ mọ ilé mi, mo mọ ilé rẹ̀, mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Ọmọ mi ní UST, kírípítò mìíràn, náà ń pe ara rẹ̀ ní dọ́là 1 kó tó wó ní oṣù karùn-ún 2022. Bí HBD bá wó, ta ni n ó lọ bá? Nítorí náà owó ẹ̀kúnwó lèmi ń fi síbẹ̀. Owó ilé ìtajà mi wà lọ́wọ́ alájọ.

Ará Òkè-Àdó

Ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ rí ẹni gba tiyín gbọ́. Ní oṣù kẹrin 2025 tí CBEX, ètò ìdókòwò kírípítò kan, wó, tí àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn ládùúgbò wa níbí tí wọ́n ń kó àga àti ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn aládùúgbò mi wá ń bi mí pé ṣé tèmi ò tíì wó. Tèmi kẹ̀? Mi ò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí! Mo ṣàlàyé fún bàbá onílé pé sówó-sọ́gúndógójì nìyẹn, ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni wọ́n ń fi owó rẹ̀ san ti ẹni tó ṣáájú. Èmi ń kọ̀wé ni, wọ́n ń san owó iṣẹ́. Bàbá ní, "Lórí fóònù kan náà ṣá?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ará Mọ́níyà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó wù mí láti bẹ̀rẹ̀. Ṣé owó ṣì wà níbẹ̀? Ṣé mo lè fi AI kọ ọ́ kó lè yá? Wọ́n sì ní ìjọba ti fẹ́ máa gba owó orí lórí rẹ̀.

Ará Agbówó

Àbúrò, láti ẹ̀yìn ọdún 2022, HIVE ò tíì padà dé dọ́là 1. Bí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yìí lo fẹ́ fi rà, lọ wá oníbàárà tó máa san owó iṣẹ́ fún ẹ. Bí ohun tó ò ń kọ fún ìfẹ́ ọkàn rẹ tẹ́lẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, gbé e síbẹ̀. Ti AI, àwọn kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ irú ẹ̀ lọ. Ìbò ìsàlẹ̀, ìyẹn ìbò tó ń dín owó kù, ni wọ́n máa fi lù ú, owó rẹ̀ á di òdo lójú ẹ.

Owó orí, bẹ́ẹ̀ ni. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù kìn-ínní 2026, èrè kírípítò wà nínú ohun tó kàn. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba nǹkan kan lórí náírà 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ọ̀pọ̀ wa tó wà níbí ò sì tíì débẹ̀ nídìí Hive nìkan. Tó o bá ń gba iṣẹ́ oníbàárà mọ́ ọn, àpapọ̀ ni wọ́n ń wò, torí náà máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tó wọlé, iye HBD, iye náírà tó o tà á.

Ará Mọ́kọ́lá

Kó tún tó kọ ohunkóhun, kọ́kọ́rọ́ (ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn) àkáǹtì Hive ju ẹyọ kan lọ o. "Posting" ni kó o fi sórí fóònù, ìyẹn ò lè gbé owó. "Active" ló ń gbé owó, má fi í sórí ìkànnì tó ò mọ̀. "Owner" ni ìyá gbogbo wọn: kọ ọ́ sórí ìwé méjì, fi ọ̀kan sílé, fi ìkejì sọ́dọ̀ ẹni tó o lè fi ọmọ rẹ sílẹ̀ fún. Kò sí ọ́fíìsì kankan ní Dugbe tí wọ́n á ti bá ẹ yí i padà.

Ará Mọ́níyà

Ẹ ṣé gan-an ni. Sọ́dọ̀ ìyá mi ni n ó fi ìkejì sí, àmọ́ wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí pé nọ́ńbà kí nìyí.

Ìyá Àpáta

Sọ fún wọn pé àjọ ni.