Bàbá mi kọ àyẹ̀wò prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀), ẹ gbà mí o
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 68. Láti bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń jí tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru. Wọn á dúró títí, ìtọ̀ á kàn máa kán tó, tó. PSA inú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá nǹkan ń ṣe prostate, jẹ́ 7. Dókítà ní prostate wọn ti wú, òun fẹ́ gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Tamsulosin, oògùn tó kọ fún wọn kí ìtọ̀ lè máa jáde dáadáa, òòyì ló ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde. Ni Bàbá bá yarí, agbo làwọn máa mu. Ìgò méjì ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí! Ta ló ti ṣe àyẹ̀wò yẹn rí? Ṣé ó ń dunni púpọ̀? Báwo lẹ ṣe bá bàbá tiyín sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà?